Bí A Ṣe Gbé Ẹ́ńjìnì 911 Sínú Lọ́rì Bedford Àwọn Ológun ní Iléṣà

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n fi katakata fa lọ́rì náà wọ ọgbà iṣẹ́ mi ní ẹ̀bá ọ̀nà Òṣogbo ní Iléṣà. Bedford MK ni, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ológun, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ lè yí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn pa pọ̀. Onígẹdú ni ẹni tó ni ín. Ó rà á ní gbànjo, ó kùn ún ní àwọ̀ aró kí àwọn ṣọ́jà má baà máa dá a dúró lójú ọ̀nà, ó sì ń fi í kó igi jáde láti inú igbó tó wà lẹ́yìn Ifẹ̀wàrà, níbi tí lọ́rì lásán kì í dé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀fín funfun ló kọ́kọ́ ń yọ. Omi rédíétọ̀ ń dín kù láìsí ibi tí a ti rí i pé ó ń jò, epo ẹ́ńjìnì sì ti funfun bí ẹ̀kọ mímu. Nígbà tí a ṣí hẹ́ẹ̀dì, a rí i pé búlọ́ọ̀kù ti sán láàárín sílíńdà kẹrin àti ìkarùn-ún. Bàbá onígẹdú bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé wẹ́dà kò lè jó o ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Bí a bá jó o lónìí, katakata ni ẹ ó tún fi fà á padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Ẹ́ńjìnì tó bá ọkọ̀ náà wá ni Bedford 330, oní sílíńdà mẹ́fà, nǹkan bíi lítà 5.4, tí agbára rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ẹṣin 100. Ẹ́ńjìnì gidi ni nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n páàtì rẹ̀ ti di ohun tí ènìyàn ń wá bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Mo ro ẹ́ńjìnì mẹ́ta wò láti fi rọ́pò rẹ̀. Cummins 6BT oní lítà 5.9 lágbára, ṣùgbọ́n bí nọ́sùlù rẹ̀ kan, tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú sílíńdà, bá bàjẹ́ ní ọjọ́ Àìkú nínú igbó, ta ni yóò rí i rà? OM 366 ti Mercedes, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 6, wù mí gan-an, pàápàá èyí tó ní tọ́bò, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ohun tí Bàbá mú wá lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí pé agbára rẹ̀ yóò fọ́ àwọn gíá ògbólógbòó tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ náà. OM 352 ni mo mú níkẹyìn, ẹ́ńjìnì lọ́rì Mercedes 911 tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀: lítà 5.675, sílíńdà mẹ́fà tí fífẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 97 mm, tí písítìnnì sì ń rin 128 mm. Bí wọ́n bá tò ó dé òpin rẹ̀, agbára ẹṣin 130 ló ń mú jáde nígbà tó bá ń yí ìgbà 2,800 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó fi tóbi ju ti àtijọ́ lọ nínú lítà kò tó nǹkan, mi ò ní pa irọ́. Èrè rẹ̀ wà nínú agbára, ó sì tún wà nínú pé kò sí abúlé kan láàárín Iléṣà àti Oǹdó tí ènìyàn kò ti ní rí ẹni tó ti tú u rí.

1. Wíwọn ọkọ̀ kí a tó tú u

Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe ni pé àpótí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn nínú MK kò lẹ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Ó dá dúró láàyè tirẹ̀, pùrọ̀pẹ́là kúkurú kan, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí láti gbé agbára, ló so ó pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Nítorí náà, mo pinnu pé a ó gbé ẹ́ńjìnì 911 àti gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ oní gíá márùn-ún wọlé pa pọ̀ láìtú wọn kúrò lára wọn, a ó sì fi pùrọ̀pẹ́là kúkurú náà ṣe ibi ìpàdé Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ní kí a fi ẹ́ńjìnì Mercedes mọ́ gíábọ́ọ̀sì Bedford ni, àwo irin tí yóò wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ péye gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bíárìnì iwájú gíábọ́ọ̀sì kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹ. Kò sí lééètì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé tó bẹ́ẹ̀ nítòsí.

Ọjọ́ kan gbáko ni a fi wọn ọkọ̀ náà. Tépù, okùn àwọn bíríkìlà, lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ohun ìwọ̀n igun, àti ìwé ọmọ iléèwé kan ni irinṣẹ́ wa. Mo wọn àárín kírańkì sí òkè ṣáásì, mo wọn bó ṣe jìnnà sí irin ọ̀tún àti sí ti òsì, mo sì wọn bí ẹ́ńjìnì ṣe dẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn, ìyẹn dígíríì 3. Láti fulánjì ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì (ojú irin tí a ń fi bọ́ọ̀tì de pùrọ̀pẹ́là mọ́) sí fulánjì àpótí ìpín agbára jẹ́ 610 mm. Láti ìsàlẹ̀ sọ́ọ̀ǹpù, ìyẹn ọpọ́n epo abẹ́ ẹ́ńjìnì, sí orí ásùlù iwájú jẹ́ 95 mm.

Nọ́ńbà tí mo kọ kẹ́yìn yìí ló fìyà jẹ mí jù. Orí igi ni a gbé ṣáásì lé nígbà tí mo ń wọn ọkọ̀ náà, ásùlù iwájú sì ń rọ̀ sílẹ̀ láìsí ìwúwo lórí sípíríǹgì. Àlàfo 95 mm tí mo rí jẹ́ àlàfo ọkọ̀ tó wà lókè, kì í ṣe ti ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún 1998, ó sì yẹ kí n mọ̀.

2. Ríra ẹ́ńjìnì

Géètì, ọjà páàtì ọkọ̀ ní Ìbàdàn, ni a ti rà á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹta. Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ mẹ́rin ni mo yẹ̀ wò. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sọ́ọ̀ǹpù díẹ̀ kí n wò bóyá omi ni yóò kọ́kọ́ jáde ṣáájú epo. Lẹ́yìn náà ni n ó fi sípánà gígùn yí kírańkì lọ́wọ́ dé ìyípo méjì, kí n lè mọ̀ bóyá ìfúnpọ̀ sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba. Ẹ́ńjìnì kan wà tí wọ́n ti fi ọ̀dà fàdákà kùn lẹ́wà, tí gbogbo ènìyàn ń yí ká, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí i, mo rí i pé sílíńdà kejì kò ní agbára kankan. Èyí tí a rà dọ̀tí bí ẹlẹ́dẹ̀. A gbé bátìrì àti garawa omi sí i lórí ilẹ̀, ó sì dáhùn ní ẹ̀ẹ̀kejì.

₦2,850,000 ni òun àti gíábọ́ọ̀sì. Ọ̀kẹ́ lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, ìyẹn ₦2,000,000, ni Bàbá san, ó ní ìyókù di ìgbà tí ẹ́ńjìnì náà bá dáhùn ní Iléṣà. Ẹni tó tà á kò janpata, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan lé wa, ọmọ náà sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa fún ọjọ́ méjì gbáko, títí a fi gbé ẹ́ńjìnì náà sórí igi tí a tún tan án níṣojú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òṣómàáló ti dé ilé àwọn tó ni òṣómàáló.

Àṣìṣe mi níbí ni pé mi ò ṣí ìbòrí gíábọ́ọ̀sì wò. Mo ti inú dídùn ẹ́ńjìnì gbàgbé rẹ̀.

3. Títú

Ẹ́ńjìnì MK kò sí lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì níwájú bí ti 911. Ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ ló wà, ìbòrí kan ní ọ̀tún àti ọ̀kan ní òsì ni a sì ń gbé sókè láti dé ibẹ̀. Àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ fa ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ jáde láti abẹ́ láìtú kábíìnì. Mo kọ̀. A yọ sítíárìn, a tú wáyà, a so ṣéènì búlọ́ọ̀kù méjì (ẹ̀rọ oníṣéènì tí a fi ń gbé ẹrù sókè) mọ́ páìpù ínǹṣì mẹ́rin tí a fi ṣe òpó, a sì gbé kábíìnì náà kúrò lódindi. Ọjọ́ méjì ló gbà, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni a ti ń rí gbogbo nǹkan bí ẹni ń wo ọpọ́n ayò.

Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ló ní kí a máa so ègé rọ́bà táyà oníhò mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan: ihò kan fún wáyà àkọ́kọ́, ihò méjì fún ìkejì. Bébà àlẹ̀mọ́ tí mo fẹ́ lò ìbá ti bọ́ nínú epo. Ọgbọ́n tirẹ̀ ló ṣẹ́gun.

4. Ẹ́ńjìnì síìtì

A fi ṣéènì búlọ́ọ̀kù oní tọ́ọ̀nù 2 gbé ẹ́ńjìnì tuntun sókè, a sì rọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àárín kírańkì rẹ̀ fi bọ́ sójú okùn tí a ti ta láti iwájú dé fulánjì àpótí ìpín agbára. Ibi tí ẹ́ńjìnì síìtì Mercedes (ìjókòó tí ẹ́ńjìnì ń gbé ara lé) wà kò bá ti Bedford mu rárá, nítorí náà a ní láti ṣe apá irin mẹ́rin tuntun láti inú páànù irin oní 10 mm.

Wẹ́dà wa, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tí kì í sì í fi àkókò ṣòfò, jó apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ṣáásì tààrà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Èmi ni mo ní kó jó o, ẹ̀bi tèmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni a rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí irun orí ní etí ibi tí wọ́n jó, kì í ṣe lára apá tí a ṣe bí kò ṣe lára ṣáásì fúnra rẹ̀. Irin ṣáásì lọ́rì kì í fẹ́ kí wọ́n jó o ní etí òkè tàbí etí ìsàlẹ̀ tó tẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń ru ẹrù jù, iná sì ti ba agbára irin náà jẹ́. A tún tú gbogbo rẹ̀. A lọ̀ ọ́ dán, a gbẹ́ ihò kékeré sí òpin ìlà náà kí ó má baà tẹ̀ síwájú, a kún un, a sì fi páànù irin bò ó láti inú. Lẹ́yìn náà ni a ṣe apá tuntun tí a fi bọ́ọ̀tì 16 mm mẹ́rin mẹ́rin dè mọ́ ojú ṣáásì tó dúró ṣánṣán, láìfọwọ́ kan etí òkè àti ìsàlẹ̀. Títí di òní, kò tíì sí ìlà kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀tì, kó fi iná sílẹ̀.

5. Sọ́ọ̀ǹpù àti ásùlù iwájú

Nígbà tí ọkọ̀ kúrò lórí igi tó sì dúró lórí táyà rẹ̀, àlàfo tí mo kọ ní 95 mm di 52 mm. Sípíríǹgì iwájú ṣì lè tẹ̀ tó 70 mm kó tó kan rọ́bà ìdádúró. Ẹni tó mọ ìṣirò yóò rí i pé ásùlù yóò kan sọ́ọ̀ǹpù kó tó kan rọ́bà. Mo rí i náà, ṣùgbọ́n mo tan ara mi jẹ pé sípíríǹgì ológun le, kò ní tẹ̀ dé ibẹ̀. Ọkọ̀ náà kò tíì rìn ju kìlómítà kan lọ láìrẹrù nígbà tó wọ kòtò kan, a sì gbọ́ "gbà!" Ibi tí sọ́ọ̀ǹpù ti tẹ̀ wọlé tó ìdí abọ́, páìpù tó ń fa epo sì ti wọ́.

Nǹkan méjì la ṣe láti tún un ṣe. Àkọ́kọ́, a fi 25 mm gbé ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì sókè pa pọ̀ kí igun rẹ̀ má baà yí padà. Èkejì, a gé ìsàlẹ̀ sọ́ọ̀ǹpù kúrò ní ibi tí ásùlù ń gbà kọjá, a dín jíjìn rẹ̀ kù ní 40 mm, a sì fẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí epo tó ń gbà má baà dín. Páànù irin 2 mm ni a lò. Páìpù tó ń fa epo, a gé e, a tún tẹ̀ ẹ́, a rí i dájú pé ẹnu rẹ̀ fi 10 mm jìnnà sí ìsàlẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní rí epo fà. Bó bá ga jù, yóò máa fa afẹ́fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè.

Láti mọ̀ bóyá ojú ìjó náà ń jò, a po ẹfun mọ́ omi, a fi kun ìta sọ́ọ̀ǹpù, a jẹ́ kó gbẹ, a sì da kẹrosíìnì sínú rẹ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀, ìlà dúdú méjì ti hàn lára ẹfun. A tún jó ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹfun náà funfun láìlábàwọ́n. Ẹ̀sọ̀ ni ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì yìí o: a fọ sọ́ọ̀ǹpù náà, a jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn kí wẹ́dà tó tún fi iná sún mọ́ ọn.

Báyìí, àlàfo tó wà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí ilẹ̀ jẹ́ 117 mm. Bí sípíríǹgì bá tẹ̀ dé òpin, 47 mm ṣì kù.

6. Pùrọ̀pẹ́là kúkurú, tí mo ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta

Ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì 911 fi 115 mm gùn ju ti Bedford lọ. Àlàfo 610 mm di 495 mm. Mo gé pùrọ̀pẹ́là àtijọ́, mo fi fulánjì Mercedes sí ẹnu kan, mo fi ti Bedford sílẹ̀ ní ẹnu kejì, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 495 mm gẹ́lẹ́. Ó wọlé wẹ́kú. Inú mi dùn.

Wíwọ̀ wẹ́kú yẹn gan-an ni ìṣòro. Pùrọ̀pẹ́là ní ibi tó ti ń wọ inú ara rẹ̀ tó sì ń jáde, nítorí ẹ́ńjìnì àti àpótí ìpín agbára jókòó lórí rọ́bà, wọ́n sì máa ń mì. Èmi ti gé e ní ìwọ̀n ìgbà tó wọlé tán pátápátá, kò sì sí àyè kankan fún un mọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi gíá sí i, ó ń lu bíárìnì ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì bí ẹni ń fi òòlù lù ú. Èkejì tí a ṣe jẹ́ 468 mm nígbà tó bá wọlé tán, tí ó fi ní 27 mm láti máa fi rìn.

Èkejì yìí kò lu ohunkóhun, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ju 30 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, gbogbo ilẹ̀ kábíìnì á máa gbọ̀n. A yí ẹ́ńjìnì síìtì wò, a yẹ táyà wò, a tilẹ̀ fura sí kílọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi wá ohun tó wà níwájú ojú wa: ẹni tó bá wa jó o ti jẹ́ kí àmùga ẹnu iwájú àti ti ẹnu ẹ̀yìn wo ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àmùga méjèèjì tó di kùrọ́ọ̀sì, ìyẹn oríkèé pùrọ̀pẹ́là, mú gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan náà, bí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀, kí ìkejì dùbúlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kùrọ́ọ̀sì tó bá wà ní igun kì í yí ní ìyára kan náà yípo. Ohun tí ọ̀kan bá mú yára ni ìkejì yóò fà padà, bí wọ́n bá wà lójú kan. Àwọn tiwa fi nǹkan bíi dígíríì 30 yàtọ̀ síra. Ẹ̀kẹta ni a ṣe dáadáa. Kí wẹ́dà tó jó o, èmi fúnra mi fi ìlà ọ̀dà funfun kan fà á láti orí àmùga kan dé ìkejì.

₦45,000 ni a ná sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Méjì àkọ́kọ́, èmi ni mo san owó wọn, mi ò lè gbé e lé Bàbá lórí.

Mo tún wo pùrọ̀pẹ́là gígùn tó ń lọ sí ásùlù iwájú. Ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì tuntun ló ń gbà, àlàfo tó wà láàárín wọn sì jẹ́ 18 mm péré. Gbígbé tí a gbé ẹ́ńjìnì sókè ní 25 mm ló gbà wá sílẹ̀ níbí láìjẹ́ pé mo ti rò ó tẹ́lẹ̀.

7. Omi àti ooru

Fáànù OM 352 bọ́ sílẹ̀ ju àárín rédíétọ̀ Bedford lọ ní 60 mm, kódà lẹ́yìn tí a ti gbé ẹ́ńjìnì sókè. A fi páànù dúrọ́ọ̀mù ṣe ìbòrí yí fáànù ká kí afẹ́fẹ́ má baà máa sá gba ẹ̀gbẹ́, a sì gbé rédíétọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é láti fi ọkàn tuntun oní ìlà mẹ́rin sí i.

Bó ti wù kó rí, nígbà tí a kọ́kọ́ gun òkè láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, ọwọ́ ìwọ̀n ooru lọ sí pupa kí a tó dé ìdajì òkè. Ohun tó fà á ni àṣà kan tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé nínú iṣẹ́ yìí láìbéèrè: nígbà tí a ń fọ ẹ́ńjìnì náà, mo yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀, fáfù tó ń ṣí nígbà tí omi bá gbóná, jù nù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú ẹ́ńjìnì yìí, iṣẹ́ méjì ni tẹ́mósítáàtì ń ṣe. Bí ó ti ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ti ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì láìdé rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà àbùjá yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi gbígbóná á sì máa yí po nínú ẹ́ńjìnì. Mo ra tuntun, mo dán an wò nínú ìkòkò omi gbígbóná lórí sítóòfù kí n tó fi sí i. Láti ìgbà náà, òkè Ẹ̀fọ̀n kan náà, ọwọ́ ìwọ̀n kò kọjá àárín. Kí Ọlọ́run forí jì mí fún gbogbo ọkọ̀ tí mo ti yọ tiwọn láti gbogbo ọdún yìí wá.

8. Àwọn ohun kéékèèké

Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ náà wà, bí ti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ sì ni Nàìjíríà ti yí sí apá ọ̀tún ọ̀nà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. A fi sítíárìn sílẹ̀ níbi tó wà. Nítorí rẹ̀ ni páìpù epo kílọ́ọ̀ṣì fi ní láti gùn dé 2.3 mítà kó tó dé gíábọ́ọ̀sì Mercedes, tí a sì fi ọ̀pá méjì àti kùrọ́ọ̀sì kékeré kan fa ọwọ́ gíá wọ inú kábíìnì.

Iná bátìrì MK jẹ́ fóòtì (volt) 24, ọ́tánétọ̀ tó bá ẹ́ńjìnì wá sì jẹ́ 12. A ra ọ́tánétọ̀ àti sítátà 24. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó wà lára ẹ́ńjìnì 911 ni a so mọ́ táńkì afẹ́fẹ́ tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́, ó sì kún kíákíá ju ti àtijọ́ lọ. A fi kílọ́ọ̀ṣì tuntun sí i nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà ní gbangba. Wọ́n sì ti yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì padà nínú ìwé ọkọ̀.

9. Títan án, àti ìrìn àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹrù

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Kẹrin, ni a tan án. Mo ti tún àlàfo fáfù wò nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù: 0.20 mm fún ti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, 0.30 mm fún ti èéfín. A fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré láti lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú fílítà, títí dísẹ́ẹ̀lì fi ń jáde láìní ìfófòó. Síbẹ̀, ó kọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ iṣẹ́ kékeré, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbá ilẹ̀, ló tọ́ka sí okùn tí a fi ń pa ẹ́ńjìnì pé, "Ọ̀gá, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣì fà á." Òótọ́ ni. A tì í padà, ó sì dáhùn ní ẹ̀ẹ̀kan náà.

Pùrọ̀pẹ́là àti sọ́ọ̀ǹpù tí mo ti ròyìn lókè, lẹ́yìn ọjọ́ yìí ni a tún wọn ṣe, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kò fi wọ igbó títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún. Ìrìn àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹrù jẹ́ láti igbó Ifẹ̀wàrà sí Iléṣà, gẹdú mẹ́ta lórí rẹ̀. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó jẹ́ pé gíá àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ́ńjìnì àtijọ́ fi ń gùn ún, gíá kejì ni awakọ̀ fi gùn ún báyìí. Mo kún táńkì dé ẹnu kí ó tó lọ, mo sì tún kún un nígbà tó dé lẹ́yìn ìrìn 100 kìlómítà: lítà 31 ni ó mu, tí dísẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ ₦1,250 ní lítà kan nígbà náà.

10. Owó

Ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì ₦2,850,000, ọkọ̀ tó gbé e láti Ìbàdàn ₦70,000, pùrọ̀pẹ́là mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ₦135,000, páànù irin àti bọ́ọ̀tì ₦96,000, wẹ́dà ₦120,000, sọ́ọ̀ǹpù ₦38,000, rédíétọ̀ ₦180,000, ọ́tánétọ̀ àti sítátà ₦210,000, kílọ́ọ̀ṣì ₦115,000, hósì, fílítà, bẹ́líìtì, tẹ́mósítáàtì àti epo ₦145,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,959,000, láìka owó iṣẹ́ tèmi mọ́ ọn. Nínú rẹ̀, ₦90,000 pùrọ̀pẹ́là tí a bàjẹ́ ti wà lọ́rùn mi.

Ní oṣù Kẹfà, lẹ́yìn 1,000 kìlómítà, ọkọ̀ náà padà wá fún àyẹ̀wò. A tún fún bọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnì síìtì mẹ́rìndínlógún. Méjì nínú wọn ti dẹ̀ díẹ̀. Fáfù èéfín kẹta ti sún sí 0.35, a dá a padà sí 0.30. Epo ẹ́ńjìnì tí a fà jáde dúdú bó ṣe yẹ kí epo dísẹ́ẹ̀lì dúdú, kò sí omi nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni gíá kẹta tó ń han bí awakọ̀ bá fi ìkánjú wọ̀ ọ́, èyí tí ǹ bá ti rí ní Géètì ká ní mo ṣí ìbòrí gíábọ́ọ̀sì náà wò. Bàbá ní òun ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀ẹ̀mejì kí òun tó fi sí i. A ti fi títún un ṣe dúró di ìgbà tí òjò bá pọ̀ débi pé igbó sé.